Ẹ sọ tiyín: ọjọ́ tí oòrùn dójú tì yín níwájú oníbàárà

Ẹni tó dá a sílẹ̀:
Èmi ni n ó kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, mo kó ọkọ àti ìyàwó lọ ya fọ́tò nídìí Òkè Olúmọ. Aago mẹ́wàá la fàdéhùn sí, àmọ́ ẹ kúkú mọ ọ̀rọ̀ mékọ́ọ̀pù: aago kan ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò. Àsìkò yẹn gan-an ni oòrùn Abẹ́òkúta máa ń ga jù, tó bá sì jẹ́ oṣù kẹrin, àtàrí ẹni ló ń dúró lé, òjìji á kó sábẹ́ bàtà. Inú mi ń dùn pé ìmọ́lẹ̀ pọ̀. Mo ń yà á lọ ràì.

Ilé ni mo ti rí àṣìṣe mi. Ojú ìyàwó di ihò dúdú méjì, òjìji imú ya irunmú fún un, iwájú orí ń dán yanran. Gèlè tó jẹ́ àwọ̀ wúrà ti funfun báláú. Ìyá ìyàwó wò ó títí, wọ́n ní, "Fọ́tò, ọmọ tèmi dà nínú èyí?"

Mo tún un yà lọ́fẹ̀ẹ́ (owó epo mọ́tò nìkan ni wọ́n san). Aago mẹ́rin ni mo sọ fún wọn, kí wọ́n lè dé ní márùn-ún àbọ̀. Mi ò gun òkè rárá. Mo fi ìyàwó sínú òjìji òkúta ní apá ìlà-oòrùn, mo ní kó kẹ́yìn sí òkúta, kó kọjú síta gbangba. Oòrùn ò kàn án, ṣùgbọ́n sánmà iwájú rẹ̀ ń tàn sí i lójú wọ́ọ́rọ́wọ́, ìmọ́lẹ̀ bíńtín sì yọ nínú ẹyinjú rẹ̀ méjèèjì. Ìgbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀ la tó bọ́ sí gbangba, mo fi oòrùn sẹ́yìn wọn, etí gèlè ń tàn bí iná. Ìyẹn kì í pẹ́ o. Lọ́dọ̀ wa, bí oòrùn bá ti wọ̀, kò tó ìdajì wákàtí tí ilẹ̀ á fi ṣú. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ lẹ́ńsì kámẹ́rà lọ́wọ́, á pàdánù rẹ̀.

Ọmọ Ìtòkú:
Ẹ̀gbọ́n, tèmi kì í ṣe ẹjọ́ oòrùn, ẹjọ́ agbòòrùn ni. Ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú ní kí n ya àwọn fún Facebook wọn. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo fi wọ́n sábẹ́ agbòòrùn ńlá aláwọ̀ ewé tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ojú wọn di ewé ẹ̀fọ́! Ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú aṣọ kọjá, àwọ̀ aṣọ náà ló ń gbé bọ̀. Ẹ ṣọ́ abẹ́ igi máńgòrò náà. Ìyá ní, "O fẹ́ sọ mí di iwin ni?"

Mo sún wọn sẹ́nu ọ̀nà, òkùnkùn inú ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́yìn wọn. Ó dáa díẹ̀, àmọ́ abẹ́ ojú ṣì dúdú. Ni ọmọ iṣẹ́ wọn bá mú aṣọ tẹ́ẹ́rù funfun tí wọn ò tíì rẹ láró, a nà án sísàlẹ̀ níwájú wọn, níbi tí kámẹ́rà ò ti ní rí i. Ó ń da ìmọ́lẹ̀ padà sí wọn lójú, ojú wọn là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi owó ńlá ra pátákó onífàdákà, ẹ kú ìnáwó.

Oní-fóònù:
Fóònù lèmi fi ń yà. Bàbá mi wọ agbádá funfun lọ́jọ́ ọdún, wọ́n sì dúdú bí kóró iṣin: agbádá hàn, bàbá ò hàn. Funfun tó pọ̀ yẹn ló dẹ́rù ba fóònù, ló bá dín ìmọ́lẹ̀ kù. Ẹ fìka tẹ ojú èèyàn lórí gíláàsì, ẹ má tẹ aṣọ. Lásìkò ọyẹ́, wàhálà mi máa ń dín kù, eruku ń sẹ́ oòrùn bí asẹ́.

Ẹni tó dá a sílẹ̀:
Ọmọ Ìtòkú, mo jí ọgbọ́n tẹ́ẹ́rù yẹn o. Ìyàwó ọjọ́sí ti bímọ, àná la ya ti ìkómọ nílé wọn ní Ìbarà, mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Ìyá ìyàwó yẹn náà ni mo ní kí wọ́n bá mi di aṣọ funfun mú. Apá ń ro wọ́n, wọ́n ní, "Fọ́tò, ṣé ó ti tó?" Mo ní kò tíì tó.