Kí ló dé tí ìlà funfun fi ń tẹ̀lé bàálù lọ́jọ́ kan, tí kì í sì í sí lọ́jọ́ mìíràn?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó pẹ́ tí mo ti ń kíyè sí ojú ọ̀run, ọ̀rọ̀ kan sì wà tí kò tíì yé mi. Lọ́jọ́ mìíràn, bàálù tó ń kọjá lókè réré yóò fa ìlà funfun gbọọrọ, ìlà náà yóò sì wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, yóò máa fẹ̀ títí yóò fi dà bí ìkùukùu. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, a kò ní rí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó rú mi lójú jù ni pé mo ti rí bàálù méjì tí wọ́n tẹ̀lé ara wọn kọjá, tí ọ̀kan fa ìlà, tí èkejì kò sì fà. Ṣé epo wọn ló yàtọ̀ ni, àbí awakọ̀ ló ń tú nǹkan jáde nígbà tó bá wù ú?

Ìdáhùn kìíní

Kì í ṣe epo, kì í sì í ṣe ọwọ́ awakọ̀. Afẹ́fẹ́ tí bàálù ń gbà kọjá ni kí ẹ wò. Bí ẹ́ńjìnnì bá jó kìlógíráàmù epo kan, omi tó ń bá èéfín rẹ̀ jáde máa ń tó kìlógíráàmù kan àti ìdámẹ́rin, nítorí pé háídírójìn inú epo a máa dàpọ̀ mọ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, a sì di omi. Gbogbo bàálù ló ń tú omi yìí jáde, yálà a rí ìlà tàbí a kò rí i, ṣùgbọ́n nítorí pé ó gbóná nígbà tó ń jáde, ojú kò lè rí i. Níbi tí bàálù ńlá ti sábà máa ń fò, ní nǹkan bíi kìlómítà 8 sí 12 lókè, òtútù lè tó 40 dígírì sísàlẹ̀ òdo tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Oru omi tó bá bọ́ sínú irú òtútù bẹ́ẹ̀ a sẹ̀ sára eruku dúdú wẹ́wẹ́ inú èéfín, a sì dì ní yìnyín. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, àlàfo díẹ̀ máa ń wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀: ibẹ̀ ni èéfín ti ń tutù kí omi tó dì. Ernst Schmidt, ará Jámánì, ti ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí ní ọdún 1941.

Ìdáhùn kejì

Òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n òtútù nìkan kọ́ ló ń mú kí ìlà pẹ́, ọ̀rinrin ni. Bí afẹ́fẹ́ òkè bá gbẹ, yìnyín wẹ́wẹ́ náà yóò padà di oru láìpẹ́, ìrù kúkúrú ni a ó sì máa rí lẹ́yìn bàálù. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rinrin ibẹ̀ bá ti pọ̀ ju èyí tí yìnyín nílò láti má ṣe yọ́ sínú afẹ́fẹ́, yìnyín yóò máa fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́ tó yí i ká, yóò sì máa tóbi sí i. Èyí ló fi jẹ́ pé nínú ìlà tó ti fẹ̀ dáadáa, inú afẹ́fẹ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi rẹ̀ ti wá, kì í ṣe inú ẹ́ńjìnnì.

Ní ti bàálù méjì tí ẹ rí, irú afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin bẹ́ẹ̀ máa ń tẹ́ lọ bí ẹní, ó lè fẹ̀ tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà, síbẹ̀ kí ó má nípọn ju ọgọ́rùn-ún mítà mélòó kan lọ. Bí bàálù kan bá fi nǹkan bíi 300 mítà ga ju èkejì lọ, ọ̀kan lè wà nínú rẹ̀ kí èkejì wà lórí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó dúró nílẹ̀ kò lè fojú mọ ìyàtọ̀ náà.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun púpọ̀. Àwọn kan ń sọ pé láyé àtijọ́ ìlà kì í pẹ́, pé oògùn ni wọ́n ń fọ́n báyìí. Kí ni ẹ lè sọ sí i?

Ìdáhùn kejì

Ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn bàálù tó ń ju bọ́ǹbù lórí Yúróòpù fa ìlà tó bo ojú ọ̀run, ìlà wọ̀nyẹn sì máa ń tú àṣírí wọn fún ọ̀tá. Àwòrán wọn ṣì wà. Òótọ́ ni pé bàálù ti pọ̀ sí i láti ìgbà náà, àti pé ẹ́ńjìnnì òde òní tí kì í fi ooru ṣòfò púpọ̀ máa ń tú èéfín tó tutù ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, èyí tó mú kí ìlà tètè hàn.

Ìdáhùn kẹta

Mo fẹ́ fi kún un pé ìlà tó pẹ́ máa ń há ooru ayé mọ́lẹ̀, pàápàá lóru nígbà tí kò sí oòrùn tí yóò dá padà. Nítorí pé afẹ́fẹ́ ọlọ́rinrin yẹn kò nípọn, àwọn onímọ̀ ti ń dán an wò pé kí awakọ̀ gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ láti yẹra fún un. Epo díẹ̀ ni yóò ná bàálù náà, ìlà tí ì bá sì wà lójú ọ̀run fún wákàtí mélòó kan kò ní sí rárá.