Wọ́n ní làpálàpá ni

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà nípa àìsàn awọ ọwọ́. Iṣẹ́ irun ni mò ń ṣe n'Íbàdàn. Abẹ́ òrùka ìgbéyàwó mi ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó kọ́kọ́ ń yún mi, nígbà tó yá, ìléròrò wínníwínní sú sí ẹ̀gbẹ́ ìka bí ẹyin ẹja. Wọ́n bẹ́, ojú ibẹ̀ gbẹ, ó sì là. Bí mo bá fọwọ́ kan ata, ṣe ni omi máa ń bọ́ lójú mi.

Gbogbo ẹni tó rí i ló ń ní làpálàpá ni. Oníbàárà mi kan tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ mi rí ìka mi, ó fa orí ẹ̀ sẹ́yìn, ó lóun ń bọ̀. Kò padà wá. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Mo ra ìpara alápòpọ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù oògùn, èyí tí wọ́n po sítẹ́rọ́ìdì (oògùn tó ń mú kí yíyún àti wíwú awọ rọlẹ̀) mọ́ oògùn mìíràn. Láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ọwọ́ ti jọ̀lọ̀. Mo dáwọ́ dúró, ó tún padà, ó le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oṣù 7 ni mo fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, títí ẹ̀yìn ọwọ́ mi fi bó, tó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà.

Dókítà awọ ara ló sọ fún mi pé ékísímà ni, àìsàn tó máa ń mú kí awọ yún, kó gbẹ, kó sì là, pé kì í ranni. Omi, ṣáńpù àti rìláásà tí mò ń tọwọ́ bọ̀ láàárọ̀ dalẹ́ ló ń fọ ọ̀rá ara awọ dànù, tí ohun gbogbo fi ń ta á. Ó lẹ àwọn èròjà kan mọ́ mi lẹ́yìn fún ọjọ́ méjì, kó lè mọ èyí tí ara mi kò gbà. Ibi tí PPD, kẹ́míkà kan tó wà nínú dáì irun dúdú, wà nìkan ló wú.

Ìpara tó kọ fún mi náà ní sítẹ́rọ́ìdì nínú, àmọ́ ó ní òṣùwọ̀n: èyí tó bá gùn láti ṣóńṣó ìka ìlábẹ̀ dé oríkèé àkọ́kọ́ ti tó ọwọ́ kan, àtẹ́lẹwọ́ àtẹ̀yìn. Ó sì dá ọjọ́ tí màá jáwọ́ fún mi.

Fasilíìnì ni mò ń fi pa á báyìí nígbàkigbà tí mo bá fọwọ́ tán. Màá fi aṣọ tẹ omi kúrò láàárín ìka, n kì í ra á, màá sì fi í pa á kí awọ tó gbẹ tán. Lálẹ́, màá pa á kó nípọn, màá wọ ìbọ̀sẹ̀ òwú sọ́wọ́ sùn. Ọṣẹ dúdú tí wọ́n ní kí n máa lò, òun ló ta mí jù, mo ti pa á tì. Òrùka mi, ẹ̀wọ̀n ọrùn ni mo fi há, torí omi ọṣẹ máa ń dúró sábẹ́ ẹ̀.

Kò tíì lọ pátápátá. Bí ọyẹ́ bá dé, ó máa ń yọjú. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà ń mú kọ́wọ́ mi làágùn, mo wá ń wọ ti òwú sábẹ́ ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ fi jẹ́ẹ̀lì dirun, ìbọ̀wọ́ méjèèjì yẹn kì í jẹ́ kí n rí irun tẹ́ẹ́rẹ́ mú. Ẹ̀yin onídìrí tẹ́ ẹ ní irú ẹ̀, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?