Lórí "aṣọ ahunmọ́": ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ wò ná

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ní mi ò ní dá sí i, àmọ́ látìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan ti gbé "aṣọ ahunmọ́" jáde pé òun la ó máa pe búrọ́kéèdì lédè Yorùbá, tẹ́ ẹ sì ń pàtẹ́wọ́ fún wọn, inú mi ò dùn rárá. Ta ló kọ́ wa ní a- iwájú ọ̀rọ̀ yẹn? Apẹja ló ń pẹja, akọ̀wé ló ń kọ̀wé, ahunṣọ ló jókòó sídìí òfì. Ahunmọ́ á wá jẹ́ kí ni? Èèyàn ni o, kì í ṣe aṣọ! Tó bá jẹ́ ohun tí wọ́n hun lẹ̀ ń sọ, àhunmọ́ ni, bíi àdìrẹ, bíi àkọsílẹ̀. Wọ́n ní àmì ohùn lásán ni, kí n má bínú. Lásán kẹ̀? Ẹ ṣáà mú àmì yẹn kúrò, kẹ́ ẹ wo bí ahun, ìyẹn ìjàpá, ṣe máa yọrí síta.

Èyí tó tún ń bí mi nínú ni pé ẹ ò yí ẹ̀yìn aṣọ wò kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ lórúkọ. Búrọ́kéèdì gidi, wọ́n ń fi òwú mìíràn há inú aṣọ bí wọ́n ṣe ń hun ún lọ, iṣẹ́ ọnà nìkan lòwú yẹn wà fún, tẹ́ ẹ bá fà á yọ aṣọ ò ní já. Ẹ yí ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ máa rí òwú tó nà kiri láìwọnú aṣọ. Ìdí nìyẹn táwọn tó ń fi ṣe kọ́tìnnì fi máa ń fi aṣọ mìíràn tẹ́ ẹ nínú, tó bá sì jẹ́ ara àga ni, aago ọwọ́ àlejò kan ṣoṣo ti tó láti fà á ya. Ṣùgbọ́n gínì tá à ń rà lọ́jà, tá à ń fi sítáàṣì sí ká tó fi dá agbádá, táwọn ìyá Ìtòkú l'Abẹ́òkúta ń pa láró, kò sí òwú àfikún kankan níbẹ̀. Òwú kan náà ló dán níbí tó ṣú lọ́hùn-ún, ibi tó bá dán níwájú á ṣú lẹ́yìn. Ọmọ dámáàsìkì nìyẹn, aṣọ tí híhun ẹ̀ fúnra ẹ̀ ń yọ ọnà, bí ọjà bá tiẹ̀ ń pè é ní búrọ́kéèdì. Àwọn ará Mali ń pè é ní bazin, igi ni wọ́n fi ń lù ú títí á fi máa kọ mọ̀nà. Kí ni wọ́n wá hun mọ́ kí ni, ẹ̀gbọ́n?

Èyí tí wọ́n hun nǹkan mọ́ lóòótọ́, Ìjẹ̀bú ti ń ṣe é tipẹ́. Ìyá ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, òfì tiwọn dúró ni, kì í ṣe òfì tẹ́ẹ́rẹ́ táwọn ọkùnrin ń nà sílẹ̀, wọ́n á máa ka òwú lábẹ́lẹ̀, tẹ́ ẹ bá kí wọn wọn ò ní dáhùn àfi tí wọ́n bá parí ìlà yẹn. Aṣọ ọlọ́nà, ìyẹn aṣọ oníṣẹ́ ọnà, ni wọ́n ń pè é, mi ò gbọ́ orúkọ mìíràn lẹ́nu wọn. Nínú ẹbí ẹ̀ ni ìtagbè tí àwọn Òṣùgbó, ìyẹn Ògbóni ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ń gbé kọ́ èjìká. Aṣọ yẹn rìn débi pé àwọn Kàlàbárì ní Niger Delta ń lò ó, wọ́n ń pè é ní ikakibite, ìyẹn aṣọ ìjàpá. (Àbí ahun ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ ṣìnà tán? Ẹ̀rín ni mò ń rín o.)

Ẹnì kan ní táa bá ní "ọlọ́nà" àwọn èèyàn á rò pé aṣọ ọlọ́pàá tó dúró sójú títì ni. Òótọ́ ni pé ọnà àti ọ̀nà di ohùn kan náà tí oní bá ti wọ̀ ọ́, àmọ́ ta ló gbọ́ aṣọ ọlọ́nà ní Ìjẹ̀bú tó lọ ń wá ìwé ọkọ̀?

Lọ́jà búrọ́kéèdì lèmi náà ń pè é, télọ̀ mi ò mọ̀ ju ìyẹn lọ. Mò ń lọ wá aṣọ ìyá àgbà nínú àpótí, màá ya fọ́tò ẹ̀yìn ẹ̀ fún yín.