Kọ́ìnì 1827 méjì tí ò jọra, àbí fèékì ni wọ́n tà fún mi?

Ọmọ_Alárá: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ra owó fàdákà àádọ́ta sẹ́ǹtì Amẹ́ríkà, ti 1827, ní ọjà àlòkù níbí ní Philadelphia, 95 dọ́là. Mo wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀rẹ́ mi, ọdún kan náà, àmọ́ ìdí 2 tèmi ká bí ìrù ajá, tiẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó dúdú díẹ̀, mo fẹ́ fi makilíìnì fọ̀ ọ́ kí n lè rí i dáadáa.

Bàbá_Kọ́ìnì: Ìwọ ọmọ yìí, gbé makilíìnì yẹn sílẹ̀! Tó o bá fọ̀ ọ́ pẹ́nrẹ́n, ìdajì owó ẹ lọ nìyẹn. Kì í ṣe fèékì torí pé 2 yàtọ̀. Láyé ìgbà yẹn orí obìnrin tó wà lójú owó ló ní pọ́ǹṣì tiẹ̀, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń gbá àwòrán náà lódindi, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ 13 yẹn àti nọ́ńbà ọdún, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a lọ́kọ̀ọ̀kan wọnú dáì, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń tẹ owó, dáì a sì máa sán, wọ́n á tún ṣe òmíràn, ibo ni wọ́n á ti jọra? 1827 nìkan, oríṣi tí àwa tá a ń kó o mọ̀ lé ní 40. Kódà ní 1807 ẹnì kan gbá 20 dípò 50, ló bá gbá 50 lé e lórí, 2 yẹn ṣì ń yọjú lábẹ́ 5 títí dòní, mo máa ń rẹ́rìn-ín tí mo bá rí i.

Ìyá_Ìbejì_MD: Òótọ́ ni, àmọ́ ẹ jẹ́ kó wọ̀n ọ́n náà. Gíráàmù 13.48 ni tuntun ẹ̀, tó bá ti gbó á dín díẹ̀. Kó wo etí ẹ̀ yíká, FIFTY CENTS OR HALF A DOLLAR ló yẹ kó wà níbẹ̀, tó bá jẹ́ ilà wẹ́wẹ́ bíi ti kọ́ìnì ìsinsìnyí lẹ rí lára 1827, ẹ yáa gbé e padà.

Ọmọ_Alárá: Ẹ ṣé mà. 13.3 ni, ọ̀rọ̀ yẹn wà létí ẹ̀ pé, lẹ́tà kan tiẹ̀ gun ìkejì. Ọ̀rẹ́ mi ló wá sọ pé ká ṣe pààrọ̀, òun á fi 20 dọ́là kún un.

Bàbá_Kọ́ìnì: Hàáà! Ó ti mọ̀ pé 2 tó ká ò wọ́pọ̀ tó tòun. Má dá a lóhùn jàre.