Iṣẹ́ ilé nínú ètò Java: ta ni ó yẹ kí ó ni omi àti iná?

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni mí ní Àkúrẹ́. Olùkọ́ wa ní kí a fi Java, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kọ ètò kan tí yóò ṣe àfarawé iṣẹ́ ilé láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí ó sì hàn nínú rẹ̀ pé inheritance (kí kíláàsì ọmọ jogún lára kíláàsì òbí), encapsulation (kí kíláàsì dáàbò bo ohun inú rẹ̀) àti polymorphism (kí ìpè kan náà ní ìdáhùn tirẹ̀ lọ́dọ̀ kíláàsì kọ̀ọ̀kan) yé wa. Mo ti kọ abstract class kan (kíláàsì òbí tí a kì í lò tààrà) tí mo pè ní IseIle, tí ó ní method se(), ìyẹn ohun tí kíláàsì náà lè ṣe, mo sì ti fa kíláàsì márùn-ún yọ lára rẹ̀: GbaIle, FoAwo, FoAso, PonOmi àti GunIyan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tẹ gbólóhùn kan jáde, bíi «Mo ti fọ abọ́ tán», ó sì parí síbẹ̀.

Ètò náà ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Nílé wa ní Òkè-Àró, kò sí ẹni tí ó lè fọ abọ́ bí omi kò bá sí nínú dúrọ́ọ̀mù, omi kò sì lè wọ inú dúrọ́ọ̀mù bí iná kò bá dé láti fà á láti inú kànga, àfi bí a bá tan jẹnẹrétọ̀. Nínú ètò tèmi, FoAwo lè ṣáájú PonOmi kí ohunkóhun má dá a dúró. Mo kọ́kọ́ rò pé kí n fi gbogbo iṣẹ́ tí ó ń lo omi sábẹ́ IseOlomi, kí n sì fi èyí tí ó ń lo iná sábẹ́ IseOnina, ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé orí ata lílọ̀, tí ó fẹ́ omi tí ó sì tún fẹ́ iná, Java kò gbà kí kíláàsì kan ní òbí méjì. Báwo ni ẹ̀yin ṣe máa ń to irú ọ̀rọ̀ báyìí?

Ọmọ Ìyá Kóòdù:

Lo interface, ìyẹn àdéhùn ohun tí kíláàsì gbọ́dọ̀ lè ṣe. Kíláàsì kan kò lè ní òbí méjì nínú Java, ṣùgbọ́n ó lè gba interface tí ó bá wù ú. Kọ NiloOmi àti NiloIna, kí LoAta gba méjèèjì.

Ẹ̀gbọ́n Òǹdó:

Àbúrò mi, ohun tí ó ń dà ọ́ láàmú yìí gan-an ni ọkàn iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ọ. Interface tí wọ́n dárúkọ lókè yóò jẹ́ kí kóòdù rẹ kọjá lọ́wọ́ compiler (ètò tí ń yẹ kóòdù wò, tí ó sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà), ṣùgbọ́n kò ní í sọ iye omi tí ó kù fún ọ. Omi kì í ṣe ìwà abọ́ fífọ̀. Ohun kan tí ó dá dúró nínú ilé ni, tí ó ń dín kù, tí ó sì ń kún, tí gbogbo iṣẹ́ sì ń bù lára rẹ̀. Ohunkóhun tí iye rẹ̀ bá ń yí padà, tí iṣẹ́ tí ó ju ẹyọ kan lọ sì ń fọwọ́ kàn án, kíláàsì tirẹ̀ ni kí o fún un:

    class Duroomu {
        private int lita;
        int bu(int iye) {
            int eyiTiORi = Math.min(iye, lita);
            lita -= eyiTiORi;
            return eyiTiORi;
        }
    }

Wo ohun tí bu ń dá padà. Kì í ṣe «bẹ́ẹ̀ ni» tàbí «bẹ́ẹ̀ kọ́», iye omi tí ó rí bù gan-an ni. Bí FoAwo bá béèrè lítà 20, tí ó sì jẹ́ pé lítà 8 péré ni ó kù, lítà 8 ni yóò gbà, yóò sì mọ̀ pé abọ́ ṣì kù nílẹ̀. Nítorí pé lita jẹ́ private, kò sí iṣẹ́ tí ó lè fọwọ́ ara rẹ̀ yí i padà. Encapsulation tí olùkọ́ rẹ ń wá nìyẹn.

Kí o sì mọ̀ pé inú irú àfarawé báyìí ni wọ́n ti bí ọ̀nà ìkọ̀wé ètò tí o ń kọ́. Ní Oslo, ní orílẹ̀-èdè Nọ́wè, ní àwọn ọdún 1960, Kristen Nygaard àti Ole-Johan Dahl ṣe èdè kan tí wọ́n pè ní Simula, láti fi ṣe àfarawé àwọn ibi tí ènìyàn ti ń tò dúró de ohun tí wọ́n fẹ́ lò. Inú Simula 67 ni class àti subclass ti jáde, àwọn méjèèjì sì gba ẹ̀bùn Turing, ẹ̀bùn ńlá nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ti ọdún 2001 nítorí iṣẹ́ náà. Ta ni ń dúró de kí ni, yóò sì ti pẹ́ tó? Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn, ohun tí ó sì ń ṣẹlẹ̀ nílé yín náà nìyẹn bí iná bá lọ.

GunIyan ni mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ wò jù lọ. A óò bó iṣu, a óò sè é, a óò sì gún un. Bí omi bá tán lẹ́yìn tí a bó iṣu, a lè dúró díẹ̀ kí iṣu tó wọ ìkòkò. Ṣùgbọ́n láti orí iná sí inú odó, kò gbọdọ̀ sí ìdádúró rárá, nítorí iṣu tí ó bá tutù yóò di kókó nínú iyán, kò sì sí ẹni tí yóò gbé irú iyán bẹ́ẹ̀ síwájú àlejò ní Òǹdó níbí. Nítorí náà, má ṣe kọ ọ́ bí method kan ṣoṣo tí ń tẹ «iyán ti délẹ̀» jáde. Jẹ́ kí GunIyan ní àkójọ ìpele nínú, kí ìpele kọ̀ọ̀kan mọ iye ìṣẹ́jú tí yóò gbà, kí ó sì mọ̀ bóyá a lè dá a dúró tàbí a kò lè dá a dúró.

Olùkọ́ Kọ̀ǹpútà:

Mo fara mọ́ èyí tí Ẹ̀gbọ́n Òǹdó sọ, ṣùgbọ́n ẹ fi àyẹ̀wò kan sí ìbẹ̀rẹ̀ bu, kí ó má ṣe gba iye tí ó bá kéré sí òdo. Bí ẹnikẹ́ni bá pe bu(-5), ńṣe ni omi yóò máa kún sí i láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pọn ọ́n.

Ọ̀rọ̀ àkókò ni ó kù. Bí o bá lo loop tí ń ka ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan láti aago mẹ́fà àárọ̀ dé aago mẹ́wàá alẹ́, yóò yí po ní ìgbà 960, èyí kò sì ṣòro fún kọ̀ǹpútà. Síbẹ̀, ó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí o kó ìṣẹ̀lẹ̀ sínú PriorityQueue, kí èyí tí àkókò rẹ̀ bá súnmọ́ jù máa kọ́kọ́ jáde. InaDe àti InaLo yóò wà lára ìṣẹ̀lẹ̀ náà pẹ̀lú. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ méjì bá ní àkókò kan náà, PriorityQueue kò ṣe ìlérí èyí tí yóò ṣáájú, nítorí náà fún ìkọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìtòtẹ̀léra. Bí o bá fẹ́ kí iná máa dé láìròtẹ́lẹ̀, lo new Random(7) tàbí nọ́ńbà mìíràn tí o bá yàn, kí àbájáde tí o rí nílé lè jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú èyí tí olùkọ́ rẹ yóò rí.

Ó dára pé o kò fi àmì ohùn sí orúkọ kíláàsì. Java gba àwọn lẹ́tà wa, ṣùgbọ́n a lè tẹ «ọ̀» ní ọ̀nà tí ó ju ẹyọ kan lọ, ojú yóò rí wọn bí ọ̀kan, Java yóò sì kà wọ́n sí orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Inú gbólóhùn tí ètò ń tẹ jáde ni kí o ti fi gbogbo àmì sí i.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ṣeun, mà. Mo ti kọ Duroomu, mo sì ti fi àyẹ̀wò náà sí i. Bí mo bá wá kó omi àti iná kúrò lára àwọn iṣẹ́, kí ni ó kù tí inheritance yóò ṣe? Olùkọ́ wa ní dandan ni kí ó hàn.

Ẹ̀gbọ́n Òǹdó:

Ohun tí ó kù ni ohun tí ó jẹ́ ti iṣẹ́ ilé lóòótọ́: orúkọ rẹ̀, ẹni tí ń ṣe é, ìṣẹ́jú tí yóò gbà, àti bóyá ó ti parí. Kó ìwọ̀nyí sínú IseIle. Lẹ́yìn náà, yí se() padà sí se(Ile ile), kí Ile jẹ́ object (ohun kan pàtó tí a dá láti inú kíláàsì) tí ó ní Duroomu àti Ina nínú. LoAta yóò béèrè méjèèjì lọ́wọ́ ilé, GbaIle kò ní í béèrè ìkankan, ọ̀rọ̀ òbí méjì yóò sì kúrò nílẹ̀. Má ṣe lo instanceof níbikíbi láti mọ irú iṣẹ́ tí ó kàn. Pe se(ile) lórí ìkọ̀ọ̀kan nínú List<IseIle>, kí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ mọ ohun tí yóò ṣe.

Kí o tó fi ránṣẹ́, kọ iṣẹ́ tuntun kan, bíi LoAso, kí o sì fi í kún àkójọ. Bí ó bá di dandan pé kí o ṣí loop láti fi if tuntun sí i, polymorphism kò tíì sí níbẹ̀, padà sídìí IseIle.