Ìwòsàn ọ̀fẹ́ fáwọn àgbà l'Òṣogbo: wọn ò fẹ́ forúkọ sílẹ̀, kí la fẹ́ ṣe?

ỌmọÒkèBaálẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Àwa ọ̀dọ́ àdúgbò wa n'Òkè-Baálẹ̀ ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, à ń bá àwọn arúgbó, aláboyún àtàwọn tí ò rí já jẹ sọ̀rọ̀ kí wọ́n lọ forúkọ sílẹ̀ fún ìwòsàn ọ̀fẹ́ BHCPF (owó tí ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ fún ìlera alábọ́dé) ní sẹ́ńtà ìlera, àmọ́ tá a bá ti ní kí wọ́n mú NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọmọ Nàìjíríà, wá báyìí, ojú á fàro, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ òṣèlú la bá wá. Màmá kan tiẹ̀ ní wọ́n kọ orúkọ òun rí nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ pín owó, òun ò rí kọ́bọ̀. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é ládùúgbò tiyín?

Ìyá_Ìbejì:
Màmá yẹn ò jẹ̀bi o jàre. Ẹ má ṣèlérí owó kankan fún wọn, ẹ là á yé wọn pé ọ̀tọ̀ lowó, ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú ibà àti ti aláboyún. Ẹ sì jẹ́ kí bàbá lémọ́ọ̀mù tàbí ìyálọ́jà bá yín sọ ọ́, torí ẹnu ọ̀dọ́ nìkan ò ká a.

Nọ́ọ̀sì_Alẹ́kúwodò:
Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣe NIN àkọ́kọ́, ẹni tó bá ní kí wọ́n mówó wá, ẹ má dá a lóhùn. Ìka gan-an ló ń dá wọn padà. Mo tẹ̀lé ìyá aláró kan lọ, ó ti pẹ́ tó ti ń ki ọwọ́ bọ ìkòkò aró, ìlà ìka ti ń parẹ́, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n ní kó máa lọlé. A bá wá omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó fọwọ́, a fi ìpara díẹ̀ ra á, wọ́n wá ń gbìyànjú ìka kọ̀ọ̀kan sùúrù sùúrù títí ó fi gbà. Ká ní òun nìkan ló lọ ni, ó ti parí nìyẹn, torí náà ẹ má kàn júwe ọ̀nà fún wọn, ẹ tẹ̀lé wọn dé'bẹ̀. Sẹ́ńtà kan ni wọ́n sì máa ń yàn ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ́kọ́ wádìí tiyín kí arúgbó má bàa rin ìrìn òfo.

ỌmọÒkèBaálẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an ni. A máa rí bàbá lémọ́ọ̀mù kó tó di Jímọ́ọ̀. Ẹnì kan nínú wa ní Máruwá, ó ti ní òun á máa gbé àwọn tẹ́sẹ̀ ń dùn. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ ẹni tó lè mú wa dé ọ̀dọ̀ ìyálọ́jà l'Ọ́jà-Ọba?