Kí ló dé tó jẹ́ mẹ́fà àti méje?
Ẹ kú ilé o. Àbúrò mi tó ń múra sílẹ̀ fún WAEC bi mí lálẹ́ àná pé kí ni "at sixes and sevens". Mo ní kí nǹkan dàrú, kó rí rúdurùdu ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ló bá tún gbójú sókè: "Bọ̀dá mi, kí ló dé tó jẹ́ mẹ́fà àti méje?" Mi ò rí èsì fọ̀.

"A stitch in time saves nine" rọrùn ní tiẹ̀: aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ya, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ti tó, bó bá pẹ́, ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́sàn-án. Nínú àrokò tiwa náà, owó ẹyọ mẹ́fà tí wọ́n máa ń fi ránṣẹ́ láyé àtijọ́ ní ìdí: "fà" inú "ẹ̀fà" ló ń sọ pé ọkàn mi fà sí ọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, níbo ni mẹ́fà àti méje yìí ti wá?